Ṣé o mọ̀? Kúbà, ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta inú òkun kọ́

Ṣé o mọ̀ pé tí o bá dúró níwájú kàtídírà ìlú Havana, tí o sún mọ́ ògiri rẹ̀ débi tí imú rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ìkarahun inú òkun ni wàá máa wò? Kò sí agbẹ́kùúta kankan tó gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Òkúta yẹn fúnra rẹ̀ ni iyùn òkun àti ìkarahun tó ti kú láti ayébáyé, tó dì mọ́ra wọn di àpáta. Wò ó dáadáa: ihò wẹẹrẹ bí ojú afárá oyin, ìlà tó ká róbótó bí ẹ̀yìn ìgbín, nǹkan kan tó dà bí ẹ̀ka igi tí wọ́n fi ayùn là. Láàárín 1748 sí 1777 ni wọ́n kọ́ ilé náà lábẹ́ ìjọba Sípéènì. Ilé gogoro méjì ló wà lára rẹ̀, wọn ò sì dọ́gba: ọ̀kan sanra, èkejì tẹ́ẹ́rẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé inú kàtídírà yìí kan náà ni wọ́n kó egungun tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Christopher Columbus sí láti òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún? Ibẹ̀ ló wà títí di 1898, tí Kúbà bọ́ lọ́wọ́ Sípéènì, tí wọ́n sì di egungun náà lọ sí Seville. Columbus ti gúnlẹ̀ sí Kúbà ní October 1492. Ó tún pa dà wá ní 1494, ó rí àwọn erékùṣù kéékèèké tó tò lọ bẹẹrẹ ní gúúsù, ó pè wọ́n ní Jardines de la Reina, ìyẹn Ọgbà Ayaba. Fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ṣì ń pa dà bọ̀ níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Kúbà kì í ṣe erékùṣù kan ṣoṣo? Èyí tó tóbi wà, àwọn kéékèèké tó ju 4,000 lọ sì yí i ká. Èyí tó tóbi yẹn gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 1,250 láti etí kan dé ìkejì. Ọ̀nà Èkó sí Kánò ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé òun fi ọjọ́ mẹ́rin rìn ká Kúbà, rẹ́rìn-ín, kí o sì yí ọ̀rọ̀ pa dà.

Ṣé o mọ̀ pé iyùn kì í ṣe òkúta? Ẹranko ni. Ẹ má gbé iyùn ọrùn ọba wá bá mi níbí o. Òkun Mẹditaréníà ni iyùn pupa yẹn ti wá, àwọn oníṣòwò òyìnbó ló ń gbé e wá sí etíkun wa. Ìbátan tó jìnnà ni òun àti iyùn tó ń mọ àpáta ní Kúbà. Ti Kúbà jẹ́ ẹranko wínníwínní, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tó orí ìka. Ó ní ẹnu kan, ó ní ọwọ́ tín-ín-rín bíi mélòó kan tó fi ń ja oúnjẹ gbà nínú omi. Ó ń fa ẹfun inú omi, ó ń fi í kọ́ ilé sábẹ́ ara rẹ̀. Tó bá kú, òmíràn á kọ́ tirẹ̀ lé e lórí. Àwọn tó rí bí òkìtì kì í sábà ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ lọ́dún. Èyí tó bá ga tó ọ ní ìdúró, ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí gómìnà Sípéènì ṣì ń pàṣẹ ní Havana.

Ṣé o mọ̀ pé àwọ̀ tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀? Ewé omi kékeré kan, tí ojú lásán ò lè rí, ló ń gbé nínú ẹran ara rẹ̀. Ewé yẹn ń fi oòrùn se oúnjẹ, ó ń fún onílé jẹ, ó sì ń kun ilé fún un. Ìgbà tí omi bá gbóná jù ni ìjà dé: iyùn á lé ayálégbé rẹ̀ jáde, á funfun bí egungun, tí omi ò bá sì tètè tutù, ebi á pa á kú. Ní 2023, omi agbègbè Caribbean gbóná kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni ti wọ̀n ọ́n rí, àpáta iyùn púpọ̀ sì funfun.

Ìsàlẹ̀ òkun tí àpáta iyùn gbà káàkiri ayé ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀yà ohun ẹlẹ́mìí inú òkun ló fi ibẹ̀ ṣe ilé tàbí ọ̀nà oúnjẹ. Oṣòdì inú omi nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé iyùn ní alẹ́ àjọ̀dún tirẹ̀? Ní August, ní alẹ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, oríṣi iyùn púpọ̀ ní Caribbean máa ń tú ẹyin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹyin róbótó róbótó aláwọ̀ osùn á máa gòkè lọ, bí òjò tó ń ti ìsàlẹ̀ rọ̀ lọ sókè. Kò sẹ́ni tó lu agogo fún wọn.

Ṣé o mọ ohun tí àwọn ará Kúbà ń pe etíkun tí kò ní yanrìn? Diente de perro, eyín ajá. Àpáta iyùn àtijọ́ ni. Ní nǹkan bí 120,000 ọdún sẹ́yìn, òkun ga ju báyìí lọ, ibẹ̀ sì wà lábẹ́ omi. Nígbà tí omi fà sẹ́yìn, iyùn kú sórí ilẹ̀, òjò àti ìgbì ń jẹ ẹ́ títí ó fi mú ṣóńṣó ṣóńṣó. Bàtà aláwọ̀ líle ni kí o wọ̀ lọ síbẹ̀. Sílípáàsì ò lè gbà ọ́.

Irú òkúta yìí ni wọ́n ń gé láti fi kọ́ Havana. Ta ló gé e? Ẹrú ló gé èyí tó pọ̀ jù, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì gé lára rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé José Martí, akéwì tí gbogbo Kúbà ń pè ní àpọ́sítélì òmìnira wọn, gé òkúta náà pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀? Ọmọ ọdún 17 ni ní 1870 nígbà tí wọ́n rán an lọ sí ibùdó ìgékùúta San Lázaro nítorí lẹ́tà kan tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n dá fún un, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n sì lé e lọ sí Sípéènì. Ojú egbò ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn ò fi í sílẹ̀ mọ́. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan wà níbẹ̀ báyìí, Fragua Martiana. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kì í sábà yà síbẹ̀. Ọtí mójítò ló ń dá wọn dúró.

Ká sáré díẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé ajalèlókun ará Faransé kan, Jacques de Sores, dáná sun Havana ní 1555? Pé torí irú ìyà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ odi El Morro sẹ́nu ọ̀nà èbúté, láti 1589 dé 1630? Pé pẹ̀lú odi náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú ní 1762, wọ́n jókòó síbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá, kí wọ́n tó fi í ṣe pàṣípààrọ̀ Florida? Pé Sípéènì pa dà dé tìbínú-tìbínú, ó sì kọ́ odi tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, La Cabaña, kó tó di 1774? Láti ibẹ̀ ni ìbọn àgbá ti ń dún lálaalẹ́ ní aago mẹ́sàn-án. Nígbà kan rí, ó ń kéde pé wọ́n ti ń ti ibodè, wọ́n sì ti ń na ẹ̀wọ̀n irin sẹ́nu èbúté. Lónìí, àwọn ará ìlú ń fi í tún aago ọwọ́ wọn ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé títì kan wà ní Havana tó jẹ́ pé igi ni wọ́n fi tẹ́ ẹ? Iwájú ààfin àwọn gómìnà ni. Ìtàn tí àwọn afinimọ̀nà ń sọ ni pé ariwo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kì í jẹ́ kí gómìnà rí oorun ọ̀sán sùn. Oorun ẹnì kan, iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn.

Ṣé o mọ̀ pé Kúbà ní rélùwéè ṣáájú Sípéènì tó ń jọba lé e lórí? Ní 1837 ni ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ rìn láti Havana lọ sí Bejucal. Sípéènì ò ní tirẹ̀ títí di 1848. Ṣúgà ló fà á. Nígbà tí àwọn ẹrú Haiti ti dìde ní 1791, tí oko ìrèké ibẹ̀ jóná, Kúbà ló wá gba ọjà náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìrèké ń fẹ́ ọwọ́, ọkọ̀ ẹrú sì ń dé. Àkókò yẹn gan-an ni Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun ń jà láti Òwu dé Ẹ̀gbá, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wa gba etíkun lọ. Kì í ṣe èèṣì pé Yorùbá pọ̀ ní Kúbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Iná tí ń jó níhìn-ín ló ń se ṣúgà lọ́hùn-ún.

Lẹ́bàá ìlú Trinidad, tí UNESCO fi sínú ìwé ohun ìní ayé ní 1988 pẹ̀lú àfonífojì ìrèké tó wà níwájú rẹ̀, ilé ìṣọ́ kan wà tó ga ní mítà 45, ní Manaca Iznaga. Ìdílé kan tó ní oko ìrèké ló kọ́ ọ ní 1816. Gun àtẹ̀gùn pákó rẹ̀ lọ sókè, wàá rí gbogbo oko yí ká. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún náà nìyẹn: kí olúṣọ́ lè máa wo ẹrú láti òkè. Agogo ńlá tó wà níbẹ̀ ló ń jí wọn, òun náà ló ń dá wọn sílẹ̀. Nísàlẹ̀ ilé ìṣọ́ náà lónìí, àwọn obìnrin na okùn, wọ́n sá aṣọ funfun oníhò wẹẹrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe sórí rẹ̀, wọ́n ń tà fún àlejò. Aṣọ náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lábẹ́ ilé ìṣọ́ yẹn. Wákàtí kan ni ọkọ̀ àwọn àlejò máa ń dúró níbẹ̀. Kò tó.

Ṣé o mọ Carlota? Ọmọ Yorùbá ni, tàbí Lukumí, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ènìyàn wa níbẹ̀. Ní November 1843, ó wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ẹrú ní ilé ìfúnrèké Triunvirato, ní agbègbè Matanzas. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì pa á. Ní 1975, tí Kúbà ń kó ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí Àngólà, orúkọ tí wọ́n sọ iṣẹ́ ogun náà ni Operación Carlota. Matanzas yìí kan náà ni Varadero wà, etíkun oníyanrìn funfun tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 20, tí àwọn ará Kánádà ń rọ́ lọ tí òtútù bá mú wọn. Láti etí omi yẹn, o lè lọ sí Triunvirato kí o sì pa dà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò tíì rí ìwé ìpolówó Varadero kan tó dárúkọ rẹ̀.

1886 ni ìsìnrú parí pátápátá ní Kúbà ní ti òfin: kò sẹ́ni tó tún lè ní ẹrú mọ́. Bàbá-bàbá àwọn àgbà kan tó ṣì wà láyé bá a.

Ṣé o mọ̀ pé ní Kúbà, òkun ni Yemọja, kì í ṣe odò? Ní ilé, Odò Ògùn la mọ̀ ọ́n mọ́, Olókun ló sì ni òkun. Àwọn tó la òkun kọjá nínú ọkọ̀ ẹrú gbé odò wọn lé orí omi tí wọ́n bá níbẹ̀. Yemayá, bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀, ló wá ni ojú òkun àti etíkun. Olókun ṣì wà nísàlẹ̀, níbi tí ojú ò tó. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe pín in yẹn. Òmùwẹ̀ tó bá ń lọ wo àpáta iyùn, ilé Yemayá ló wà; ibi tí ògiri iyùn ti já wọ òkùnkùn, ti Olókun nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́ igi àràbà ni wọ́n ní wọ́n ti ṣe ìsìn àkọ́kọ́ nígbà ìdásílẹ̀ Havana ní 1519? Wọ́n ti tún igi náà gbìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní alẹ́ tó ṣáájú November 16, ọdọọdún, àwọn ará ìlú á tò bẹẹrẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n á yí i po lẹ́ẹ̀mẹta láìsọ̀rọ̀, wọ́n á ju owó wẹ́wẹ́ sídìí rẹ̀, wọ́n á tọrọ ohun tí ọkàn wọn fẹ́. Ìjọba ń pè é ní àyájọ́ ìlú. Àwọn Lukumí ní tiwọn mọ̀ pé igi ìrókò ò hù ní Kúbà, pé àràbà ni òrìṣà Ìrókò wá fi ṣe ibùjókòó. Gbogbo wọn jọ ń yí igi kan náà po.

Oúnjẹ ńkọ́? Amalá wà ní Kúbà, ilá ló sì ń bá a rìn, ti Changó ni. Ṣùgbọ́n má retí èlùbọ́. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n fi ń rò ó, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bíi tùwó àgbàdo, wọ́n á wá da ilá tó ń yọ̀ lé e lórí. Ará Ìbàdàn máa bá wọn jà. Àkàrà náà wà, orúkọ rẹ̀ ò yí pa dà. Tí o bá gbọ́ fufú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gún.

Ìlù bàtá mẹ́ta ni wọ́n ń lù pọ̀ nínú ìsìn: Iyá, Itótele, Okónkolo. Àyàn inú ìlù, Añá ni wọ́n ń pè é, ẹni tí kò bá tíì gba Añá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìlù rẹ̀. Ní 1987, Ọọ̀ni Okunade Sijuwade dé Havana, wọ́n sì fi ìlù gbà á.

Ọ̀rọ̀ àpò àti ibùsùn, ní kíákíá. Láti 1997 ni òfin ti gba àwọn ará ìlú láàyè láti máa gba àlejò sínú ilé wọn; àmì aláwọ̀ búlúù tó dà bí ìdákọ̀ró tí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀ ló ń wà lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni kí o sùn. Káàdì báǹkì Amẹ́ríkà kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iná mànàmáná gbogbo erékùṣù kú pátá ní October 2024, ó sì tún kú lẹ́yìn náà. Ọmọ Nàìjíríà ò nílò àlàyé, kó mú pawabáǹkì dání. Ìwọ tó ní páṣípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí o bá ti tẹ Kúbà láti January 12, 2021, ESTA tí o fi ń wọ Amẹ́ríkà kò sí fún ọ mọ́, físà gidi lo máa lọ tọrọ. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ títí ìgbéyàwó Houston fi kù ọ̀sẹ̀ méjì. Ìjì líle ní àkókò tirẹ̀, June sí November. Títí di 2008, ọmọ Kúbà fúnra rẹ̀ ò lè gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì àwọn àlejò ní ìlú tirẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti jagun ní April 1961, Playa Girón, ni ọ̀kan lára ibi tó rọrùn jù láti fojú kan iyùn? O ò nílò ọkọ̀ ojú omi. Láti orí àpáta etí omi, fi awò ojú omi sójú, fi ọ̀pá èémí sẹ́nu, kí o dojú bolẹ̀. Ìsàlẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀, iyùn bí ìwo àgbọ̀nrín, iyùn bí ọpọlọ ènìyàn, iyùn bí abẹ̀bẹ̀ tó ń fẹ́ ara rẹ̀ nínú ìgbì. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ á já lójijì, omi á dúdú bí aró. Dákẹ́, kí o tẹ́tí. Wàá gbọ́ ohun kan tó ń rún, kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń jẹ egungun ẹja gbígbẹ. Ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ rí bíi ti ayékòótọ́ ló ń họ àpáta jẹ. Ewé omi tó wà lára rẹ̀ ló ń wá, òkúta ló ń bá a gbé mì, ó sì ń yà á jáde ní yanrìn funfun. Ẹyọ ẹja ńlá kan lè ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlógíráàmù yanrìn lọ́dún. Lára yanrìn funfun tí àwọn ènìyàn ń sùn lé lórí ní Caribbean, ìgbẹ́ ẹja wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọ ìyẹn náà sínú ìwé ìpolówó.

Jardines de la Reina tí mo ní kí o fi sọ́kàn ńkọ́? Láti 1996 ni wọ́n ti ń dáàbò bo ibẹ̀, iye òmùwẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́dún sì níye. Torí náà, àkùrákudà ibẹ̀ ò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún ènìyàn. Wọ́n á wá yí ọ ká, wọ́n á wò ọ́, wọ́n á bá tiwọn lọ.

Má mú ẹyọ iyùn kankan bọ̀, ì báà jẹ́ èyí tó ti kú tí o ṣà létí omi. Àdéhùn àgbáyé lórí òwò ohun ẹlẹ́mìí kàn án, ó kan ìkarahun ńlá aláwọ̀ osùn pẹ̀lú. Àwọn aṣọ́bodè lè gbà á.

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ń ti Havana lọ sí Regla, ní òdìkejì èbúté, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan? Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà létí omi níbẹ̀. Màríà tó wà nínú rẹ̀ dúdú, aṣọ búlúù àti funfun ló wọ̀, September 7 sì ni ọdún rẹ̀. Yemayá ni ọ̀pọ̀ tó ń wọlé lọ kí. Nínú ọkọ̀ náà, ó ṣeé ṣe kí o bá obìnrin kan pàdé tó funfun láti ìwérí dé ìbọ̀sẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, agbòjò funfun lọ́wọ́. Iyawó ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin pẹ̀lú lè jẹ́ iyawó: ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orí rẹ̀ fún òrìṣà ni. Odidi ọdún kan ni yóò fi wọ funfun. Má ya fọ́tò rẹ̀, má sì fọwọ́ kàn án. Tí o bá kí i ní Yorùbá tó já gaara, kò ní gbọ́, ohùn ti ṣí kúrò lára ọ̀rọ̀ wọn láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n tọ́ka sí èbúté, kí o sọ pé omi. Wo ojú rẹ̀.